Orin Kan, Ilé Mẹ́rin: Bí Ẹ Ṣe Lè Jọ Ṣe Orin Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Nígbà Tí Olúkúlùkù Wà Nílé Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi orin ṣe fàájì, tí a sì ní iṣẹ́ mìíràn tí a fi ń jẹun, ló rò pé bí a óò bá jọ ṣe orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni kí gbogbo wa wọlé sórí ìpè fídíò kan, kí onígìtá máa ta gìtá, kí onílù máa lù, kí akọrin sì gbé e. Ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ohùn máa ń pẹ́ lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa nínú okùn fáíbà ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá, ìró ìlù Èkó yóò lo ìdá 25 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ó kéré tán, kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù, a kò sì tíì ka èyí tí fóònù méjèèjì, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ dátà àti áàpù ìpè náà yóò jẹ mọ́ ọn. Lórí ìpè fídíò lásán, kì í ṣòro kí àpapọ̀ rẹ̀ dé 150. Nínú afẹ́fẹ́, ìró máa ń rin nǹkan bí mítà 51 láàárín àkókò yẹn: ó dà bíi kí onílù dúró sẹ́nu góòlù, kí akọrin dúró sí àárín pápá, kí wọ́n sì ní àwọn fẹ́ jọ ṣe orin ijó. Onílù á máa dúró de akọrin, akọrin á máa dúró de onílù, títí orin náà á fi máa falẹ̀ bí alùpùpù tí epo ń tán nínú rẹ̀.

Àwọn ètò kan wà, bíi JackTrip àti Jamulus, tí wọ́n ṣe nítorí kí olórin lè jọ ṣe orin lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò jìnnà síra, tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn sì gba inú wáyà wọlé, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún dáadáa. Fún àwa tó kù, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá rọrùn fún un, kí ẹnì kan sì kó wọn jọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ òkè náà nìyẹn: ahunṣọ á hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, télọ̀ ni yóò rán an pọ̀ di agbádá. Bí ọ̀já kan bá kúrú ju èkejì lọ, ọwọ́ télọ̀ ni wàhálà rẹ̀ ń já sí. Bí ọ̀já kò ṣe ní kúrú ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín dá lé. Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Ben Gibbard ní Seattle àti Jimmy Tamborello ní Los Angeles, fi téèpù ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ títí wọ́n fi ní odindi àwo kan tó jáde ní 2003. The Postal Service ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn.

Àpẹẹrẹ tí n ó máa tọ́ka sí ni orin kan tí àwa mẹ́rin ṣe: akọrinbìnrin kan ní Ìbàdàn, onígìtá kan ní Manchester, bàbá onígángan kan ní Ọ̀yọ́, àti èmi tí mo kó o jọ ní Èkó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fẹnu kò kí ẹnikẹ́ni tó gba ohunkóhun sílẹ̀

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ pinnu, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú gúrúùpù WhatsApp yín, kó má bàa di “mo rò pé ohun tí a sọ nìyẹn” lọ́jọ́ iwájú. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí orin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Òun ni yóò máa tọ́jú fáìlì, òun ni yóò po orin pọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yóò sì parí sí bí ẹ bá ń ṣe àríyànjiyàn lórí bóyá gìtá ti ń pariwo jù.

Èkejì ni kíì, ìyẹn ibi tí ohùn orin náà dúró lé, bó ṣe ga tàbí bó ṣe lọ sílẹ̀ tó. Akọrin ló ni kíì, kì í ṣe onígìtá. Ẹ ní kí akọrin kọ ibi tó ga jù lọ nínú orin náà lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, lálẹ́, lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ṣì dúró ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kíì yẹn dára. Nínú orin tiwa, G ni a kọ́kọ́ mú nítorí pé ó rọ onígìtá lọ́wọ́, ó sì ti gba gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀ tán kí akọrin tó ké pé ègbè náà ń fún òun lọ́rùn. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí E, onígìtá sì tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú rẹ̀ kò dùn, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ̀kẹta ni ìyára. Ẹ kọ orin náà bó ṣe wọ̀ yín lára, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí i, kí ẹ ka iye àtẹ́wọ́ tó bọ́ sínú ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Àtẹ́wọ́ 26 jẹ́ 104 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí àwọn olórin ń pè ní 104 BPM. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí ara bá yá gágá ni a máa ń sáré jù.

Ẹ̀kẹrin ni ètò orin, tí ẹ óò fi báà kà, ìyẹn àwọn ìdì ìlù kéékèèké tí a pín orin sí. Tiwa lọ báyìí: ìbẹ̀rẹ̀, báà 8, ẹsẹ kìíní, 16, ègbè, 8, ẹsẹ kejì, 16, ègbè, 8, gángan nìkan, 16, ègbè lẹ́ẹ̀mejì, 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88. Bí ìlù mẹ́rin bá wà nínú báà kan, tí ìyára sì jẹ́ 104, orin náà yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 23. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ kò tún ní láti pe ẹnikẹ́ni láti béèrè ibi tí òun yóò ti dá wọlé: báà 57 ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: orin atọ́nà

Orin atọ́nà ni fáìlì tí gbogbo yín yóò máa gbọ́ nínú íápíìsì nígbà tí ẹ bá ń gba tiyín sílẹ̀. Kò ní sí nínú orin tó bá parí, nítorí náà ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí bí yóò ṣe dùn tó. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kílíìkì, ìyẹn ìró kọ́-kọ́-kọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìlù, gìtá tàbí kíbọ́ọ̀dù tó ń mú kíì dání, àti ohùn tó ń kọ orin náà jẹ́ẹ́jẹ́. Kí báà méjì tó ṣíwájú jẹ́ kílíìkì nìkan, kí akọrin lè mí, kí onílù sì lè gbé ọ̀pá ìlù sókè; a kì í ka báà méjì yìí mọ́ 88.

Ẹ lè fi Audacity ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. BandLab ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti nínú bíráúsà, kò sì gba owó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní iPhone lè gba GarageBand lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí di ìjà. Olúkúlùkù lè lo èyí tó mọ̀ ọ́n lò, níwọ̀n ìgbà tí fáìlì WAV, irú èyí tí kì í fún ohùn pọ̀, bá lè ti inú rẹ̀ jáde.

Ibi tó le jù ni ti onílù. Ẹni tó kọ́ gángan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kì í sábà fẹ́ràn kílíìkì, ó sì ní ìdí. Ọ̀pọ̀ ìlù ilẹ̀ wa ń pín àtẹ́wọ́ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, wọ́n á sì tún máa fi méjì bá mẹ́ta ṣeré lórí rẹ̀. Bí ẹ bá wá fi kílíìkì tí ń pín sí méjì sí onílù létí, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ẹ ní kó máa fi rìn. Nígbà tí Bàbá ti lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò bọ́ sí i, mo mú agogo, mo lu kóńkóló lórí kílíìkì náà fún bí ìṣẹ́jú kan títí ọwọ́ mi fi dúró, mo gé báà kan tó dára jù nínú rẹ̀, mo tún un ṣe léraléra dé òpin orin, mo sì yọ kílíìkì kúrò pátápátá. Bàbá gbọ́ agogo, ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní, “Èyí ti dáa. Ti àná yẹn, bí ẹni ń kan ìṣó sí mi lórí ni.” Ẹ̀ẹ̀kejì tó lù ú ni a lò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yàrá, máìkì àti ariwo àdúgbò

Máìkì olówó ńlá nínú yàrá tó ń dún padà kò tó fóònù lásán nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Mo ti ra máìkì kí n tó mọ èyí. Ẹ wá yàrá kékeré tó ní ibùsùn, kọ́tìnì àti aṣọ púpọ̀. Ilé ìwẹ̀ tó ní táìlì ni kí ẹ sá fún jù lọ. Ẹ gbé fóòmù dúró sẹ́yìn akọrin, ẹ fi kúbùsù kọ́ sẹ́nu ìlẹ̀kùn, kí akọrin sì kọjú sí aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ pa fáànù. Ẹ yọ fíríìjì kúrò lára iná, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín sínú rẹ̀, kí ẹ má bàa jáde lọ láìrántí tan án padà. Ní ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, àsìkò nìkan lẹ lè fi ṣẹ́gun rẹ̀: ìlù àti gìtá lè gba ìdájí kí ìpè ìrun tó dún bí ẹ kò bá ní í jí àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n ohùn akọrin kì í tíì jí nígbà yẹn, ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ tí gbogbo ilé ti jáde ló dára fún un. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi í sílẹ̀. Páànù kò ní gbà fún yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi íápíìsì gbọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ aago ara ògiri tí ẹ kò mọ̀ pé ó ń dún. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà kí ìpè má bàa wọlé sáàárín ègbè. Kí ẹnu jìnnà sí máìkì tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí máìkì yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí èémí “f” àti “b” má bàa lù ú. Gángan pariwo ju bí ẹ ṣe rò lọ: ẹ gbé fóònù tó mítà kan sí i.

Ìwọ̀n ohùn tó ń lọ sókè sódò lójú ètò yín kò gbọdọ̀ kan òdo, tó wà lókè pátápátá. Ibi tí ohùn bá ti ga jù, kó wà láàárín −12 sí −6. Ohùn tó kéré ṣeé gbé sókè, ṣùgbọ́n èyí tó ti fọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Kí gbogbo yín sì yan ìwọ̀n ìgbohùnsílẹ̀ kan náà, 48,000 Hz (iye ìgbà tí ètò ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) àti bíìtì 24, bí ètò yín bá gbà á. Bí ẹnì kan bá lo 44,100 tí ètò ẹlòmíràn sì ṣì í kà sí 48,000, fáìlì náà yóò yára ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn rẹ̀ yóò sì ga bíi ti ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdádúró inú fóònù, àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Íápíìsì oníwáyà ni kí ẹ lò. Èyí tó ń lo Bluetooth sábà máa ń dá ìró dúró ju ìdá 100 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, akọrin á sì máa tẹ̀lé ohun tó ti kọjá lọ. Wáyà nìkan kò sì parí ọ̀rọ̀, nítorí pé fóònù àti kọ̀ǹpútà fúnra wọn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ohùn jáde, wọ́n sì tún máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bú onílù tí kò ṣẹ̀ nìyí.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Nígbà tí orin atọ́nà bá ń ka báà méjì àkọ́kọ́, ẹ yọ íápíìsì kan kúrò létí, ẹ gbé e sẹ́nu máìkì kó lè gbọ́ kílíìkì mẹ́rin, kí ẹ sì dá a padà sétí kí báà kejì tó parí. Kílíìkì kan náà yóò wá wà níbi méjì: nínú orin atọ́nà, àti nínú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ́ fáìlì Manchester sábẹ́ orin atọ́nà, tí mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà títí ṣóńṣó kílíìkì kọ̀ọ̀kan fi dà bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́, tirẹ̀ fi ìdá 38 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti orin atọ́nà lọ. Mo fa odindi fáìlì náà sápá òsì ní 38, gìtá tó ti ń dún bí ẹni tó mutí yó sì bọ́ sórí ìlà. Fún Bàbá, tí agogo rọ́pò kílíìkì létí rẹ̀, ìró agogo ni a gbé sẹ́nu máìkì. Iṣẹ́ kan náà ló ṣe.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe gé ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì yín. Kódà bí gángan kò bá wọlé títí di báà 57, kí fáìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, pẹ̀lú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀já tí mo sọ pé kò gbọdọ̀ kúrú nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fífi fáìlì ránṣẹ́

Ẹ má fi ohùn tí ẹ gbà ránṣẹ́ bíi vọ́ìsì nóòtì, nítorí pé WhatsApp yóò fún un pọ̀, yóò sì gé apá òkè rẹ̀ tó ń dán kúrò. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, èyí tó ń gba fáìlì tó tó 2 GB láìfọwọ́ kàn án, tàbí kí ẹ gbé e sínú fódà kan lórí Google Drive, tó ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. WAV onílà kan (mono), ní ìwọ̀n tí mo dárúkọ lókè, jẹ́ nǹkan bí 8.6 MB fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà orin wa jẹ́ nǹkan bí 30 MB fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Bí dátà bá ń dun èèyàn, FLAC, irú fáìlì mìíràn, lè dín in kù sí nǹkan bí ìdajì láìba ohunkóhun jẹ́. MP3 wà fún ìgbọ́ lásán, kì í ṣe fún iṣẹ́.

Ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ ní gbẹrẹfu, láìsí ìró àdúnpadà bíi ti inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn lórí rẹ̀. Ẹni tó ń po orin lè fi kún un, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ jẹ́ “ìkẹyìn” tàbí “ìkẹyìn gan-an”. Ẹ kọ ohun èlò, ìyára, kíì àti nọ́ńbà: gangan_104_E_02.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: pípo orin pọ̀

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ títí wọn kò fi ní dún mọ́, kí ẹ gbé ìlù sókè lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ohùn akọrin, kí ẹ tó fi gìtá sáàárín wọn. Bí gìtá àti ohùn bá ń du ibì kan náà, ẹ dín gìtá kù níbẹ̀ dípò kí ẹ máa gbé ohùn sókè. Ẹ gbọ́ ọ lórí íápíìsì, lórí fóònù lásán, àti nínú ọkọ̀ ẹnì kan.

Ohun méjì wà tí orin Yorùbá kò gbà, tí àwọn tó ń kọ́ni ní pípo orin lórí fídíò kò ní sọ fún yín. Àkọ́kọ́ ni ètò tí ń tún ohùn akọrin ṣe sórí kíì. Ohùn tí ń lọ sókè, tó sì ń yọ̀ wá sísàlẹ̀, ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa. Bí ètò náà bá gbá a mú tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan, ọkọ̀ lè di ọkọ, akọrin tó sọ pé òun ń wọ ọkọ̀ á sì di ẹni tó ń wọ ọkọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ lò ó lórí ibi tó ṣẹ̀ nìkan, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá sì jókòó tì yín. Èkejì ni fífa ìró gángan kọ̀ọ̀kan sórí ìlà kílíìkì. Gángan ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ní ibi tó ti ń fà àti ibi tó ti ń yára. Bí ẹ bá tò ó bí bíríkì, ìlù náà á ṣì dún, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bàbá gbọ́ ọ, ó bi mí pé ta ló lù ú.

Nígbà tí ẹ bá fi àpòpọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹ béèrè àtúnṣe pẹ̀lú ìṣẹ́jú: “ní 1:42, gìtá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀” wúlò, “kò wọ̀ mí lára” kò wúlò. Kí ìyípo àtúnṣe má ju mẹ́ta lọ. Ti àgbà yàtọ̀ o: a kì í kọ àtúnṣe àgbà sójú gúrúùpù. Mo pe Bàbá ní ìrọ̀lẹ́, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, níbi tí ègbè tó kẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bá wa dá gángan dúró díẹ̀ kí ọmọ yín lè ráyè sọ̀rọ̀.” Ó ní òun náà ti gbọ́ ọ, òun kàn ń retí ẹni tí yóò sọ ọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ta ló ni ín?

Ẹ ṣe èyí kí orin tó jáde, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ yín le tó. Ohun ìní méjì ló wà nínú orin kan: orin tí a kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, àti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ 2022 ti Nàìjíríà, ti àkọ́kọ́ ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, ti èkejì sì jẹ́ 50 ọdún. Ẹ kọ ìdá olúkúlùkù lórí méjèèjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dáhùn “mo gbà” pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti déètì, kí ẹ sì ya àwòrán ojú fóònù náà pamọ́.

Ní tiwa, ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 25, 25, 25, 25. Orin tí a kọ jẹ́ 60 fún akọrin tó ni ọ̀rọ̀, 40 fún onígìtá tó to kọ́ọ̀dù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá fi gángan sọ gbólóhùn kan láti orí ara rẹ̀ ní báà 65, tí akọrin sì gbé e lẹ́nu sínú ègbè tó kẹ́yìn, gbólóhùn yẹn ti di ara orin. A yí i padà sí 50, 35 àti 15. Ẹ má ṣe rò pé onílù kò kọ nǹkan kan nítorí pé kò la ẹnu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tọ́jú àwọn WAV náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ síbi méjì, ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú fúláàṣì, pẹ̀lú orin atọ́nà tí ẹ rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí orin tiwa jáde, akọrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé òun fẹ́ kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó àbúrò òun ní ọjọ́ kejì, ó sì nílò rẹ̀ láìsí ohùn òun nínú rẹ̀. Mo ṣí fódà náà, mo pa ìlà kan, mo sì fi í ránṣẹ́ kí ó tó parí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀.